Àga Kan, Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá wa fi tajà ní Ọjà'ba, orúnkún wọn ló sì gba ìyà rẹ̀. Nígbà tí àbúrò wa bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa ọmọ tó kù nílé ní Bẹyẹrúnkà dáwó jọ, a ra bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì fún wọn kí wọ́n lè na ẹsẹ̀.

A dé pápákọ̀ òfuurufú Èkó, ọmọbìnrin kan wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Iwájú ti kún. Ẹ̀yìn lẹ máa jókòó."

Kún báwo? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tá a ti sanwó!

Ohun tó dùn wá jù ni pé a mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì la kà, koòdù la fi ń jẹun. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń wá, pàápàá àwọn ti iwájú, torí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn ṣeé sún sí ọjọ́ mìíràn. Ètò kọ̀ǹpútà á wo ìrìnàjò àtẹ̀yìnwá, á ṣírò iye ẹni tí kò ní wá, á sì tà ju iye àga lọ. Ká ní àga 40 ló wà, ó lè ta 42. Bí ẹni méjì ò bá wá, èrè ni. Bí gbogbo wọn bá dé ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló kún jù, wọ́n lè gbé èèyàn wá síwájú. Bó bá jẹ́ iwájú, ẹnì kan máa lọ sẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń wo ẹni tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tí kì í bá wọn rìn déédéé. Màmá wa ò wọ bàálù rí.

Onímicra Bẹẹrẹ náà máa ń kó ẹni méjì síjókòó kan níwájú. Ṣùgbọ́n o máa rí i kó o tó wọlé. O lè lóò wọ̀ ọ́.

Ní 1968, Julian Simon, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, dábàá pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn èrò: ta ló máa fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, èló ló sì fẹ́ gbà? Wọ́n já Ralph Nader sílẹ̀ ní 1972, ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún. Ní 1978, ìjọba wọn sọ bíbéèrè náà di dandan.

Ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ tiwa.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Màmá ní. "Ṣebí Lọ́ńdọ̀nù kan náà là ń lọ." Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi tì wọ́n jáde lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà la ka òfin UK: bí bàálù ibẹ̀ tàbí ti Yúróòpù bá gbé ẹ láti Èkó lọ Lọ́ńdọ̀nù, tó sì já ẹ sẹ́yìn, ìdá 75 nínú 100 owó ìrìnàjò náà ni kó dá padà láàárín ọjọ́ méje. Tiwa gba oṣù mẹ́rin.

Nígbà tí owó dé, Màmá bi wá pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ta ló ní kó mú mi?"

Ẹnu wa wọhò. Lọ́dún tó kọjá, a kọ irú ètò yẹn fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá pẹ́ dé la ní kó já sílẹ̀. A ti lọ tún un kọ báyìí, kó máa kọ́kọ́ béèrè. Oníbàárà wa ò tíì gbà. Ó ní owó máa bá a lọ.