Ìjàpá Tìrókò Abẹ́ Afárá

Láàárọ̀ yìí, bí mo ti ń kọjá lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú l'Ékòó, ni mo tún rí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àní Volkswagen àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbé ẹ̀yìn tí kì í sì í mu omi, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975. Mo bi bàbá tí ó ni ín léèrè iye tí wọ́n ti ná lórí àtúnṣe rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé ìnáwó ni àwọn kọ́kọ́ fà ya. Panẹ́bítà gba tirẹ̀, rewáyà gba tirẹ̀, ohun tí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípò kò ní, alágbẹ̀dẹ rọ ọ́. Bí wọ́n bá tà á lọ́jà, ta ni yóò san ìdajì owó náà padà fún bàbá? Ṣùgbọ́n ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ọmọ-iṣẹ́ méjì sì ti kọ́ṣẹ́ yanjú lára ọkọ̀ yìí. Nígbà tí mo ń lọ, bàbá ń fi àkísà nu gíláàsì ọkọ̀ tí kò tíì ní táyà.