Ohun Ọmọ Láìfọwọ́ Kan Abẹ́rẹ́ ní Ẹ̀rìn-Ilé

Bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tí ó ti gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá, Ẹ̀rìn-Ilé ni yóò kọ́kọ́ dé kí ó tó wọ Ọ̀fà. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í fi tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ni Ẹ̀rìn-Ilé wà, tí Ọ̀fà sì ní tirẹ̀. Ìsúnmọ́ra yìí ló kó bá wa. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ọmọ wa, ọmọ ọ̀sẹ̀ méje, lọ fi han ìyá rẹ̀ àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́. A sọ̀kalẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé, a ń kí ara wa kú ewu ọ̀nà, ọkọ̀ sì gbé báàgì ọmọ lọ sí Ọ̀fà.

Gbogbo ohun tí a fowó gidi rà fún ọmọ ló wà nínú báàgì náà: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ tí ń gba itọ́, pámpásì, àti àpò ìgbọ́mọ aláràbarà tí ọ̀rẹ́ mi kan fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ mi gun ọ̀kadà tọ ọkọ̀ náà lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omijé ti gbọ́n sí mi lójú. Ìyá ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ọmọ ló sọnù ni?"

Ó wọlé, ó ṣí àpótí rẹ̀. Ìró àǹkárá kan tó ti gbó, tíṣáàtì ọkọ mi méjì láti ìgbà tó wà nílé ìwé, àti ọ̀já kíjìpá kan tó ki dáadáa ló kó jáde. Mo béèrè abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó rẹ́rìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni pé aṣọ tí a hun ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí a bá fi sísọ́ọ̀sì ṣá a létí díẹ̀, tí a sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á, yóò ya tààrà gẹ́gẹ́ bí òwú rẹ̀ ṣe lọ. Báyìí ni Màámi ṣe ya ìró náà sí iléédìí onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba. Àǹkárá tó ti gbó dára jù fún èyí, nítorí fífọ̀ ọdún pípẹ́ ti mú un rọ̀, ó sì máa ń fa omi ju tuntun lọ. Ó ṣẹ́ iléédìí kan sí méjì kí ó di onígun mẹ́ta, ó tẹ́ ọmọ lé e, ó fa igun kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sókè, ó sì mú igun méjì tó kù wá so wọ́n níwájú, lábẹ́ ìdodo. Kò lo pínnì rárá. Ó ní òun kò fẹ́ ohun tó lè ṣí gún ọmọ lóru. A se ìyókù nínú omi gbígbóná, a sá wọn sóòrùn lọ́jọ́ kejì, a sì lọ̀ wọ́n kí a tó lò wọ́n.

Tíṣáàtì yàtọ̀. Kì í ya tààrà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í tú bí a bá gé e, nítorí náà kò nílò ìsẹ́tí. A gé apá ọ̀kan kúrò, a fi òwú aṣọ tí a gé lára rẹ̀ so ẹnu kan pinpin, a sì yí i padà kí ìdè náà wà lóde. Ó di fìlà. Láti ara ẹ̀yìn rẹ̀, a gé aṣọ onígun mẹ́ta tí a lè so mọ́ ọmọ lọ́rùn, kí wàrà tí ó bá pọ̀ jáde má baà rin ín láyà. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni kò bọ́ sí i fún wa. Gbogbo èyí tí mo ṣe ló ń yọ́ kúrò lẹ́sẹ̀, mo sì pa á tì.

Níbi aṣọ ọrùn yìí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di wàhálà. Àdùkẹ́ sùn lọ, aṣọ náà wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà wà lórí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi nígbà oyún ti kì mí nílọ̀ pé ọmọ tó bá sùn kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun lọ́rùn, ìbáà ṣe okùn, ìbáà ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó fi lélẹ̀. Pé kí aṣọ kankan má ṣe wà nítòsí imú rẹ̀. Kí a sì ṣí fìlà kúrò lórí rẹ̀ nínú ilé kí ooru má baà mú un jù. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó ilé yóò ṣe tú ohun tí ìyá ọkọ so? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tú èyí kí ó tó sùn wọra." Ó dákẹ́. Ó ní ọmọ mẹ́fà ni òun tọ́. Mo ní mo mọ̀, ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́. Ó tún dákẹ́, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, tí ó tú u fúnra rẹ̀, tí ó sì ká a sábẹ́ ìrọ̀rí tirẹ̀. Kò sọ nǹkan kan mọ́. N kò sùn dáadáa lóru náà, n kò mọ̀ bóyá mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ní òwúrọ̀, ó pè mí. Ó ní kí n wá wo ọ̀já. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ lé ẹ̀yìn, ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ òun, ó da aṣọ bò ó títí dé ẹ̀yìn orí nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí imú rẹ̀ lè máa rí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn èyí ló wá fi ọ̀já gbá a nídìí, tí ó sì so ó níwájú. "Ìdí ni ọ̀já ń gbé," ló wí, "kì í ṣe ọrùn." Mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Àwọn oníṣègùn egungun gbà pé yíya ẹsẹ̀ ọmọ báyìí ń ran oríkèé ìbàdí rẹ̀ lọ́wọ́ láti jókòó dáadáa, àti pé dídì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ títọ́ gbọnrangandan lè ba á jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, rí àwọn ìyá tó ń pọnmọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Tógò. Nígbà tí òun náà bímọ nílé, ó gbìyànjú rẹ̀, ọmọ ń yọ̀ bọ́. Ìyá rẹ̀ bá a rán àpò kan, èyí tó di Snugli, tí wọ́n sì gba àṣẹ oníhùmọ̀ lé lórí ní 1969. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí mi! Ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ amóoru kò tó fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá fi aṣọ dì wọ́n mọ́ àyà, ara kan ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gba gbogbo ayé nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lónìí.

Mo béèrè ibi tí Màámi ti rí ọ̀já náà. Ìyá rẹ̀ ló hun ún, lórí òfì ìdúró tí àwọn obìnrin ń lò, ní Ọ̀fà. Ọmọ Ọ̀fà ni Màámi, Ẹ̀rìn-Ilé ló relé ọkọ. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, tí ẹ̀mí àti dúkìá sì ti bá a lọ. Ó ní ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òun kì í mọ ẹni tí òun ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún, àbúrò òun tàbí ọmọ òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye owó ẹ̀wà, ó sì ń mi ìdí kí ọmọ má baà jí. Ọ̀já yẹn ló fi pọn àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè wá láti gáréèjì Ọ̀fà pé wọ́n ti rí báàgì. Màámi ní òun ó bá wa lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó pọn Àdùkẹ́, a sì ń rìn lọ láàárín ọkọ̀. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Tiwa tilẹ̀ ti sùn. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà dá wa dúró, ó fọwọ́ kan etí ọ̀já, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí irú èyí mọ́ o. Níbo lẹ ti rí i?"

"Níbí," ni Màámi dáhùn.

Kò sí ohun tó dín nínú báàgì náà. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà, Màámi yọ fìlà olówó iyebíye yẹn, ó fi wọn orí Àdùkẹ́ tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ti kéré jù.