Ijó Tí A Jó Lọ́dún 1994

Òwò ló gbé mi dé Libreville. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Mont-Bouët, níbi tí èmi àti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn láti Nàìjíríà àti Benin ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó mọ apá ibi tí Gabon wà rárá.

Lọ́dún 1993, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nílé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wa. Kí n má parọ́, n kò mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀. Àfi tí ẹlòmíràn bá fara pa ni wọ́n ń rántí mi. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí ìdíje ti gbó débi pé àwa náà la máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í lórí òkè. Inú bọ́ọ̀sì yìí la wà ní ìparí oṣù kẹrin tí rédíò fi kéde pé ọkọ̀ òfurufú tó gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Zambia ti já sínú òkun ní Libreville. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì, ní kí dírẹ́bà dúró. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n yí bọ́ọ̀sì náà ká, wọ́n fẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n padà wọlé, wọn ò sọ nǹkan kan, a sì ń lọ.

Èèyàn 30 ló wà nínú ọkọ̀ òfurufú náà, kò sí ẹni tó yè. Agbábọ́ọ̀lù 18 wà nínú wọn, títí kan Efford Chabala aṣọ́lé, pẹ̀lú Godfrey Chitalu tó ń kọ́ wọn. Senegal ni wọ́n ń lọ nítorí ife àgbáyé, ọkọ̀ àwọn ológun ilẹ̀ wọn ló sì gbé wọn, èyí tí kò lè fò débẹ̀ láì máa dúró rọ epo lọ́nà. Wọ́n dúró ní Brazzaville, wọ́n tún dúró ní Libreville. Bí wọ́n ṣe gbéra níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 27, ẹ́ńjìnnì ọwọ́ òsì gbiná. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 sọ pé èyí tó wà lápá ọ̀tún, tí kò ṣe nǹkan kan, ni awakọ̀ ṣèèṣì pa. Kalusha Bwalya, ìràwọ̀ wọn, kò sí nínú ọkọ̀ náà nítorí pé Holland ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun.

Kalusha yìí ló ṣíwájú ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n kó jọ. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tunisia, àwa Nàìjíríà ni wọ́n sì bá pàdé lọ́jọ́ 10, oṣù kẹrin, 1994. Elijah Litana ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa. Emmanuel Amuneke dá a padà, ó tún fi ìkejì lé e. Háà, ijó tí a jó lálẹ́ ọjọ́ náà! A lu abọ́, a lu ìkòkò, a yí gbogbo họ́sítẹ̀ẹ̀lì po. Kóòṣì kò jó. Wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí a ti pa, wọ́n ní, “Ó ku ọjọ́ 17 kí àwọn ọmọ yẹn pé ọdún kan nínú ilẹ̀.” A fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ló sọ pé, “Kóòṣì, bọ́ọ̀lù kì í ṣe ilé òkú.”

Mo rò pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Àfi ìgbà tí ọdún 2012 dé, tí Gabon àti Equatorial Guinea jọ gba ìdíje náà lálejò. Equatorial Guinea ni Zambia ti gbá gbogbo eré wọn títí wọ́n fi yege fún àṣekágbá, ni wọ́n bá kó wọn wá sí Libreville. Kí wọ́n tó gbá a, Kalusha, tó ti di olórí àjọ bọ́ọ̀lù wọn, àti àwọn ọmọ náà lọ sí etíkun, wọ́n ju òdòdó sínú omi, wọ́n kọrin.

Mo wà ní pápá Angondjé lọ́jọ́ 12, oṣù kejì. Àwọn ará Côte d'Ivoire tí a jọ ń tajà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló kan ọmọ Nàìjíríà kan Zambia. N kò lè ṣàlàyé fún wọn. Drogba gbá pẹ́nárítì sójú ọ̀run, eré parí sí òdo sí òdo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pẹ́nárítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Zambia kúnlẹ̀, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí Stoppila Sunzu gbá èyí tó sọ ọ́ di 8 sí 7, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún láàárín àwọn tó ń jó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sí etíkun, mo wá nọ́ńbà Kóòṣì rí lọ́wọ́ ẹnì kan tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù. Wọn kò tètè dá ohùn mi mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lórí ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, wọ́n ní àwọn kò rántí. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo wà tí omi fi ń ró báyìí. Mo ní Libreville ni, sà. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

“Ṣé ibi tí wọ́n já sí jìnnà sí ilẹ̀?”

Mo ní, “Rárá, sà. Kò jìnnà.”