Ọ̀pá Bàbá, Àga Ìyá

Bí Ọlọ́run bá fi ẹ̀mí gígùn ta òbí ẹni lọ́rẹ, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí gígùn a máa ní bùkátà tirẹ̀, kì í sì í ṣe owó nìkan ni mo ń wí. Nílé tiwa ní Ìbàdàn, Bàbá jẹ́ ẹni ọdún 84, Ìyá sì jẹ́ ẹni ọdún 77. Àrùn ẹ̀gbà mú Bàbá ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì. Orúnkún ni ti Ìyá, àtidìde ni ìṣòro rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta a ti ra ọ̀pá, a ti kan àga, a ti fẹ ẹnu ọ̀nà, a sì ti bá ara wa jà. Ohun tí ojú wa rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí ó bá ní arúgbó nílé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pá, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn rò pé òun mọ̀. Bàbá ní ọ̀pá kan tẹ́lẹ̀, igi dúdú gbígbẹ́, tí ó fi ń lọ sí ìpàdé ẹbí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ọ̀pá iyì ni, kì í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀: ó ga ju ìbàdí lọ, ìdí rẹ̀ sì ń yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì dídán. Nígbà tí a gbé Bàbá lọ sí UCH, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí a ṣí síbẹ̀ ní ọdún 2012, ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn wo ọ̀pá náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí Bàbá dúró ṣánṣán nínú bàtà tí ó máa ń wọ̀, kí ó jẹ́ kí apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ bá dé, ibẹ̀ ni orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé. Bí ó bá ga jù, èjìká yóò máa gbé sókè. Bí ó bá kúrú jù, ẹ̀yìn yóò tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ìhà ẹsẹ̀ tí kò le ni a ń mú ọ̀pá sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ tí ó wà ní ìhà ẹsẹ̀ tí ó le ni yóò mú un, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí kò le yóò sì jọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó le ni yóò ṣáájú. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí kò le ni. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti sọ èyí di orin, wọ́n sì ń kọ ọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àǹtí mi ti fẹ́ ra wọ́kà onírin, èyí tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé síwájú, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ọwọ́ kan rẹ̀ kò di nǹkan mú yóò fi ṣe? Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n yàn fún Bàbá.

Nígbà tí a dé ọjà, ọ̀gbẹ́ni tí ó ń ta nǹkan ilé ìwòsàn kó tòkunbọ̀ síwájú wa, ó ń búra pé òkè òkun ni ó ti dé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà ìdí rẹ̀ ti jẹ tán, irin ti ń hàn, ihò tí a fi ń gbé e ga tàbí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sì ti fẹ̀. Ọ̀pá tí ó ń mì lọ́wọ́ èmi tí ara mi le, kí ni yóò ṣe lọ́wọ́ arúgbó? A fi í sílẹ̀ fún un, a ra tuntun.

Ọ̀rọ̀ Ìyá ni ó le. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí i, àga onítáyà tí a ń tì, ohun dáradára tí ó ń dán. Ìyá wò ó títí. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ arọ ni ẹ rà fún mi? Ta ni ó sọ fún yín pé mo ti yarọ?" Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ká aṣọ gbígbẹ lé e lórí. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní aláìmoore ni wá. Àǹtí mi náà fún un lésì lórí tẹlifóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi ẹni tí ó ni orúnkún léèrè ohun tí ó ń fẹ́.

Mo jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìṣái, mo ní, "Ìyá, nínú ohun tí ẹ ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́, èwo ni ó nira fún yín jù?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, ọmọ mi. Bí mo bá jókòó tán, n kò lè dìde. Èmi a máa pe ọmọ ọ̀dọ̀, ojú a sì máa tì mí." Ìgbà náà ni mo tó mọ ìdí tí kì í fi í mu omi mọ́ láti ìrọ̀lẹ́: kí ó má baà dìde lóru ni. Ẹ gbọ́ o, ìyá wa ń fi òùngbẹ sùn nítorí àga, a sì ń jà lórí kẹ̀kẹ́!

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo pe káfíńtà. Ó kan àga oníhò, ó ní apá méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó má baà dojú dé, a sì gbé e ka orí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Wíwọ̀n ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀: bí Ìyá bá jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ relẹ̀ ju orúnkún lọ. Ti Ìyá jẹ́ íńṣì 18. Wẹ́dà ṣe irin ìdìmú, bíríkìlà sì rì í mọ́ inú ògiri pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì; irin tí a fi ń sá táwẹ́ẹ̀lì kò lè gba arúgbó dúró, yóò bá a wá sílẹ̀ ni. A tẹ́ rọ́bà oníkókó sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, a sì fi iná kékeré sí ọ̀nà ibẹ̀ lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé tó 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, àwọn tí ó ti lé ní ọdún 60 ni ó sì pọ̀ jù. Èmi kò rò pé inú ìgbẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn arúgbó ti ń ṣubú.

Ti àlùwàlá àti ìrun náà ń kọ́? Kẹ́tùlù onírin wúwo bí omi bá kún un. A ra ti rọ́bà, a sì fi àpótí kékeré síbẹ̀ tí ó ń gbé ẹsẹ̀ lé láti wẹ̀ ẹ́. Ní ti ìrun, Ànábì wa ti là á fún Imrān ọmọ Husayn, Bukhari sì gbà á wá, pé ẹni tí kò bá lè dúró kí ó jókòó, ẹni tí kò bá lè jókòó kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àga igi tí kò ní táyà ni Ìyá fi ń kírun. Ẹ ṣọ́ra fún àga rọ́bà funfun yẹn lórí ilẹ̀ tí ó ń dán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn nǹkan kéékèèké kò gbówó lórí. A fi aṣọ wé ìdí ṣíbí Bàbá kí ó lè nípọn lọ́wọ́, a sì yọ okùn ṣòkòtò rẹ̀, a fi rọ́bà sí i, nítorí ọwọ́ kan kò lè so okùn.

Ní ti kẹ̀kẹ́, nígbà tí ara tu Ìyá ní balùwẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó kó aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ọmọ-ọmọ kan ni ó pè é ní mọ́tò Ìyá, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀ tó íńṣì 26, ẹnu ọ̀nà yàrá sì jẹ́ 24. Bíríkìlà tún padà wá, ó fẹ̀ ẹ́ dé 32. Òun ni ó gbé Ìyá lọ sí yídì ní Iléyá tó kọjá, pẹ̀lú tìmùtìmù lábẹ́ ìdí rẹ̀, nítorí ìjókòó pípẹ́ a máa dá egbò sí arúgbó lára. Nínú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń rìn, ó sì ti ń mu omi lálẹ́. Rọ́bà ìdí ọ̀pá Bàbá ni ó tún ti ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni mo máa ra òmíràn, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.