Paramọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, orúkọ ejò yìí ti sọ ìwà rẹ̀ tán: ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Ejò mìíràn a máa sá bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀ ènìyàn. Paramọ́lẹ̀ kì í sábà sá. Ó nípọn, kò gùn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ. Kì í yé ẹyin. Ọmọ ni í bí láàyè, a máa tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú oró lẹ́nu wọn láti ọjọ́ ìbí. Òru ni í fi ṣọdẹ eku. Bí a bá sún mọ́ ọn jù, a fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹwìrì, a sì mí kíkankíkan. Ìkìlọ̀ nìyẹn, bí a bá tètè gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1988, nígbà tí oko àti igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìgàndó, mo jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, a kó àwọn ọmọ jáde láti gé koríko. Ọmọdékùnrin kan fi ẹsẹ̀ lásán tẹ paramọ́lẹ̀. Kíá ni mo fi okùn di ẹsẹ̀ náà dan-indan-in, mo sì fi abẹ sín ojú ibi tí ejò ti bù ú jẹ. Ohun tí bàbá mi máa ń ṣe lóko nìyẹn. Mo rò pé mo ti gba ọmọ là. Lẹ́yìn èyí, a wá olóògùn lọ. Wákàtí mẹ́ta kọjá kí a tó dé ilé ìwòsàn.

Dókítà kò bá mi wí. Ó tú okùn náà, ó wá ṣàlàyé pé oró paramọ́lẹ̀ a máa jẹ ẹran ara, pé okùn ń sé e mọ́ ojú kan kí ó lè ba ibẹ̀ jẹ́, àti pé abẹ ń dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tètè dá. Ó ní ohun tí ó yẹ ni kí a má jẹ́ kí ọmọ náà rìn, kí a fi igi gbe ẹsẹ̀ náà kí ó má mì, kí a sì gbé e wá kíákíá fún abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ ti àríwá, ní Kaltungo ní ìpínlẹ̀ Gombe, ìbátan paramọ́lẹ̀ kan tí ó kéré jù ú lọ ń bu ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Oró tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Láti mọ̀ bóyá ó ti wọ ara, àwọn oníṣègùn a bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ó mọ́, wọn a dúró fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá dì, abẹ́rẹ́ yá nìyẹn.

Ọmọ náà yè. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Nígbàkúùgbà tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi, ojú mi a máa lọ sí ibi tí mo so okùn sí.