Lẹ́tà láti Peckham: Ta Ló Ni Rye Lane?

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ní ẹnìkan sọ fún yín ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn pé Peckham níbí ní Lọ́ńdọ́nù ti di Èkó, pé Yorùbá ló ni Rye Lane, òpópónà ọjà ibẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti pé bí ẹ bá kó èlùbọ́ wá, ọmọ ìyá yín ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Onítọ̀hún kò parọ́ ohun tó rí, àmọ́ ohun tó rò pé ó fà á kọ́ ló fà á. Lójú tèmi, Yorùbá kọ́ ló gbé Rye Lane ró. Ààyè kékeré tí owó rẹ̀ kò ju agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ ló gbé e ró, ibi yòówù kí ẹni náà ti wá. Ọjọ́ tí ààyè yẹn bá tán, bí a ti pọ̀ tó níbẹ̀, a kò ní lè dá a dúró.

Ẹni tó bá ń kọjá lọ, ojú lè tàn án jẹ. Isu ń bẹ nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà. Ata rodo ń bẹ nínú abọ́ tí wọ́n tò sórí tábìlì, iye kan náà ni abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kò sì lè ní kí wọ́n fi ènì sí i. Pọ̀nmọ́, panla àti ìgbín wà nínú ilé, ewédú tó ti dì gbagidi wà nínú fìríìsà, Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà ń sọ síra wọn. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ tó ń gbowó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ará Afghanistan tàbí Pakistan ni, tó mọ gààrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí gààrí pupa dáadáa. Ẹ wo ọjà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: Gánà ni púpọ̀ nínú isu ti ń wá, Colombia àti Ecuador ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti ń wá. Ẹ̀wà wa ńkọ́? Ní 2015 ni European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nígbà tí Bìrìtéènì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sí i ló fà á, ẹ̀yin ará Bódìjà sì mọ ìyẹn jù mí lọ. Ará Afghanistan ń ta isu Gánà fún ọmọ Ìbàdàn: irú Èkó wo nìyẹn?

Suzanne Hall, olùkọ́ ní yunifásítì LSE ní Lọ́ńdọ́nù, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yẹ òpópónà yìí wò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí 2012. Wọ́n rí i pé orílẹ̀-èdè tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti wá tó bíi 20, àti pé nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, wọ́n ti pín bí ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Ibi pípín yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onílé á fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, á fi igun kan fún ẹni tó ń báni fowó ránṣẹ́ sílé, aláǹkárá á wà láàárín, àwọn onídìrí á sì tò sẹ́yìn. Obìnrin tó ní àga kan ṣoṣo níbẹ̀, owó àga kan ló ń san, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò nílò owó ọdún kan gbáko, kò sì nílò báńkì. Bí ẹ ṣe gba aláta láyè níwájú ṣọ́ọ̀bù tiyín náà ni, àfi pé abẹ́ òrùlé ni tibí wà.

Peckham kò sì bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Peckham Rye ní 1865, tí Jones & Higgins sì ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní 1867, àwọn òyìnbó tó lówó lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá nájà níbẹ̀. Jones & Higgins kógbá wọlé ní 1980. Ilé ńláńlá ṣófo, owó wọn rẹlẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fún ní ṣọ́ọ̀bù níbòmíràn sì rí ọ̀nà wọlé. Ilé tí Holdron's, ilé ìtajà ńlá mìíràn, ti ń tajà rí, Khan's Bargain ló ń ta ìkòkò àti ìgbálẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Àfojúsùn ẹnikẹ́ni kọ́ ni pé kí ibẹ̀ di Èkó.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé: ṣé kò wá tini lójú pé àwa là ń rà, àwọn ẹlòmíràn ló ń tà? Rárá o. Àwọn ọmọ wa gbé owó àti agbára wọn lọ síbòmíràn. Ìwádìí Yunifásítì Roehampton tó jáde ní 2013 ka ìjọ 240 ní Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, nìkan tó jẹ́ pé ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni bá mọ iye tí gbọ̀ngàn ń jẹ ní Lọ́ńdọ́nù yóò mọ̀ pé a kò sùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti kó lọ sí Thamesmead, Dagenham àti Kent, Sátidé ni wọ́n ń padà wá dirí, kí wọ́n tó ra ohun ọbẹ̀ lọ sílé.

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Àwọn kan sọ pé Rye Lane rí wúruwùru, wọ́n ní kí káńsù tún un ṣe, kí àwọn ilé kọfí pọ̀ sí i. Wọ́n á rán yín létí Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bí l'Ékòó, tí wọ́n pa ní Peckham ní 2000. Ìbànújẹ́ yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ẹni tó bá sì ní kí òpópónà mọ́ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kékeré kọ́ ló pa ọmọ náà. Ibi tí iná ti ń tàn tí ènìyàn sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà dalẹ́ sàn ju ibi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa lọ. Láti 2009 ni Frank's Cafe ti ń ta ọtí lórí ilé ìgbọ́kọ̀sí, ní 2012 ọkọ̀ ojú irin Overground dé, àwọn ọ̀dọ́ tó rí owó ná sì tẹ̀ lé e. Àwọn náà kò ṣe burúkú. Ara Peckham ni wọ́n báyìí. Owó ilé tó ń gun òkè lẹ́yìn wọn ni ìṣòro. Onílé tó lè rí ọ̀kan tó máa gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí ló fẹ́ fi ọlọ́jọ́ méje méje mẹ́fà ṣe? Àwòrán àdìrẹ tí wọ́n bá kùn sára ògiri kò lè san owó àga fún onídìrí.

Nítorí náà, ní ti èlùbọ́ yín, ẹ má wá Yorùbá kiri. Àwọn tó ń kó ọjà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ bá dúnàá dúrà. Wọ́n máa bi yín ní iye àpò kan, bóyá ìwé rẹ̀ pé, àti bóyá ẹ lè máa kó o wá lóṣooṣù láìyẹ̀. Wọn kò ní bi yín ní orúkọ ìlú yín. Díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín.