Ọkọ̀ Tí Apá Wa Ká

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di ogún bàbá wọn. Bí wọ́n bá jókòó sí ìdí ayò, èyí a ní ọkọ̀ Jàpáàn ni ọ̀gá, tọ̀hún a ní kò sí ohun tó lè dà bí ọkọ̀ Jámánì, ẹlòmíràn a sì ní kí wọ́n má fi ojú kéré wo ti Kòríà. Àwa a gbé omi mímu kalẹ̀ fún wọn, a ó sì padà sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá dákú sójú ọ̀nà, ǹjẹ́ kì í ṣe inú owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni wọ́n ti ń yọ owó àtúnṣe? Ohun tó bá ń jẹun nínú ilé ẹni, ó yẹ kí obìnrin ilé mọ bí ikùn rẹ̀ ti tóbi tó.

Ìmọ̀ ètò ilé ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀kan nínú ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé iye tí a ra nǹkan kì í ṣe iye tí nǹkan náà máa ná wa. Ẹni tó ra ààrò ti ra ìdáná, ṣùgbọ́n kò tíì ra igi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí. Lẹ́yìn owó ìrà, owó epo wà níbẹ̀, owó ìtọ́jú wà níbẹ̀, owó ẹ̀yà ara tó bá bàjẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kúrò nínú ìwé, ó wọ ilé mi ní ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún náà ni ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ní Èkó ti kọjá 480 náírà. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, iye náírà ti já wálẹ̀ gan-an sí dọ́là, ohun gbogbo tó ń gba ojú omi wọlé sì gbówó lórí. Àsìkò yìí gan-an ni ọkọ̀ wa àtijọ́ kọ̀ tí kò lọ mọ́. Owó tó wà lọ́wọ́ èmi àti baálé mi kò ju iye tó lè ra tòkunbọ̀ kan ṣoṣo, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó àjọ tí mo ti ń dá fún ọdún mẹ́ta.

Baálé mi rí ọkọ̀ Jámánì kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ó ń dán bíi dígí, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, iye rẹ̀ sì kéré sí ti Toyota Corolla tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Wọ́n ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ẹ wo irú oríire yìí!” Èmi béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ohun tó dára tó báyìí fi pọ̀ tó báyìí?” Àwọn àgbà ti sọ pé ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Nígbà tí ọkọ̀ olówó ńlá bá dàgbà, owó ìrà rẹ̀ a já wálẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a já.

Kí n má baà ṣàìṣòótọ́, ìgbà kan wà tí ọkọ̀ Yúróòpù ni ọ̀gá ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọ̀nà Badagry, ní ọdún kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ta ni nínú àwọn òbí wa tí kò mọ Ìjàpá àti Peugeot 504? Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì Ìjàpá lára, kò ní rèdíétọ̀ tí omi rẹ̀ lè gbẹ. Peugeot 504 sì lè gba ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò láìráhùn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wọn tọ́jọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé mẹkáníìkì gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n, ẹ̀yà ara wọn sì wà nítòsí. Nígbà tí tòkunbọ̀ gba ìgboro, ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì yí sí Jàpáàn, ògo náà sì bá wọn lọ.

Ní tòótọ́, ọkọ̀ Jàpáàn ní ìwà ìrọ̀rùn. Epo tí Corolla ń mu kò pọ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín, tí kò jìnnà sí wa ní Ìpọ̀nrí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àbùkù kò sí lára wọn. Àwọn Camry ọdún 2007 sí 2009 tí ará Èkó ń pè ní “Muscle”, àwọn oní-ẹ́ńjìnì 2.4, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi. Èyí tó yẹ kó ká ìyá lára jù ni ti Takata, ilé-iṣẹ́ Jàpáàn tó máa ń ṣe, nígbà kan rí, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde nígbà ìjàm̀bá ọkọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba ohun tó ń fẹ́ àpò náà jẹ́, débi pé bó bá bú, irin wẹ́wẹ́ lè fò jáde láti inú rẹ̀. Ó ti pa ènìyàn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Honda àtijọ́ sì wà lára èyí tí wọ́n pè padà. Ooru àti ọ̀rinrin kò sì wọ́n ní Èkó. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ da nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kọ, èyí tó ní lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, máa ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá àtúnṣe kan ṣì kù tí wọn kò ṣe sí ọkọ̀ náà.

Ti Kòríà ńkọ́? Ẹ̀yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Hyundai Motor sílẹ̀, Pony tó jẹ́ ọkọ̀ tiwọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 1975 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Mitsubishi ti Jàpáàn. Ọmọ-iṣẹ́ náà ti di ọ̀gá báyìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Hyundai bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánilójú ọdún 10 lórí ẹ́ńjìnì fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣọ́ra, ìdánilójú yẹn kì í bá tòkunbọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Bẹ́ẹ̀ ni ní 2015, wọ́n pe Sonata ọdún 2011 àti 2012 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ìdọ̀tí irin tó lè dí ọ̀nà ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnì. Ní 2017, wọ́n tún fi ọ̀pọ̀ mìíràn kún un, pẹ̀lú ti Kia. Síbẹ̀, owó kan náà sábà máa ń ra ọkọ̀ Kòríà tó kéré lọ́jọ́ orí ju ti Jàpáàn lọ, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Mo mú ìwé kan, mo fa ìlà mẹ́rin sí i: owó ìrà, epo oṣù kan, ẹ̀yà ara mẹ́fà tó sábà máa ń bàjẹ́, àti iye mẹkáníìkì tó lè tún un ṣe láàárín ọjà Ìpọ̀nrí sí Ojúẹlẹ́gba. Èmi àti baálé mi jọ lọ béèrè ni. Bàbá mẹkáníìkì kan wo ìwé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ọkọ̀ Jámánì kò burú o. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣé ẹ lówó kọ̀ǹpútà?” Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán, ọkọ̀ tí owó ìrà rẹ̀ kéré jù ni yóò jẹ owó jù lọ láàárín ọdún kan. Baálé mi fúnra wọn ló fa ìlà sí i lórí. Corolla la rà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó mọ Kòríà dunjú ló wà ní àdúgbò yín, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà nítòsí, ẹ rà á, ẹ má wo ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti wá kò lè ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú fún wa. Kò pé ọdún kan tí a ra tiwa tí ẹnì kan ta ayédèrú páàdì bíréèkì fún wa. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Èkó pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjèèjì lẹ́yìn, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì ń yọ̀ lọ bí ẹni pé mi ò tẹ nǹkan kan. Ọlọ́run ló ní kí ọ̀nà iwájú mi ṣófo. Ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ ni ayédèrú ẹ̀yà ara rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, nítorí òun ni àwọn oníjìbìtì ń rí tà. Láti ọjọ́ náà, mẹkáníìkì kì í dá lọ ra ohunkóhun fún wa. A jọ ń lọ ni, èmi a sì gba ìwé ìsanwó. Ìgbànú ìjókòó tó di àwọn ọmọ mú lọ́jọ́ náà, Volvo ti Súwídìnì ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní 1959, tí wọ́n sì gbà kí gbogbo ayé máa lò ó láìsanwó. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Yúróòpù níbi tí ọpẹ́ ti yẹ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ìwé kékeré kan máa wà nínú ọkọ̀ yín, bí ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000, ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ́ńjìnì a máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta láìrìn jìnnà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe rọ omi ẹ̀rọ sínú rèdíétọ̀. Ẹ ti rí ohun tí omi máa ń fi sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, ohun kan náà ló ń fi sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ ra omi rèdíétọ̀ gidi. Ẹ wo ara táyà: fígọ̀ mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó kò lè di tuntun nítorí pé wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Bí ọkọ̀ yín bá sì jẹ́ èyí tó ń lo bẹ́líìtì láti darí ẹ́ńjìnì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Hyundai Accent àtijọ́, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ọjọ́ tó bá já ni ẹ́ńjìnì lè fọ́.

Àwọn kan lè ní obìnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ń gba ipò ọkọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ gbé ìwé ìṣirò náà síwájú wọn, ẹ má fi ṣe ìjà. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ire ilé rẹ̀ kò ní kọ òótọ́ tó wà nínú ìṣirò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ọkọ̀ tí apá wa ká, tí mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀, tí a sì ń tọ́jú, ni yóò gbé àwọn ọmọ wa dé ilé-ìwé, tí yóò sì ṣẹ́ owó ilé-ìwé náà kù fún wa.